Ojúlówó Tàbí Ẹ̀dà? Àyẹ̀wò Ìtàn àti Àtúnṣe Ọkọ̀ Ìdíje Bentley ‘Old Number One’

Ìfáárà
Ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ àtúnṣe ohun àtijọ́: bí a bá ti pààrọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ara ohun kan, ǹjẹ́ ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ rẹ̀? Nínú iṣẹ́ yìí, a ó fi ìtàn ọkọ̀ ìdíje ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Old Number One, wá ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Èrò wa ni pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà bí wọ́n ṣe ṣe é láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ojúlówó.

Ìtàn Ọkọ̀ Náà
Ọdún 1919 ni Walter Owen Bentley dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni Speed Six, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́fà àbọ̀. Méjìlélọ́gọ́sàn-án (182) péré ni wọ́n ṣe, èyí ló fi ṣọ̀wọ́n. Old Number One jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún ìdíje. Ní 1929, Woolf Barnato àti Tim Birkin fi gba ipò kìíní nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1930, Barnato àti Glen Kidston tún fi borí níbẹ̀.

Àwọn Àtúnṣe Rẹ̀
Ọkọ̀ ìdíje kì í ṣe ohun à-gbé-pamọ́. Èyí tó bá gbó lára rẹ̀, pípààrọ̀ ni. Ní 1932, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́jọ sínú ọkọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó fò kọjá etí ọ̀nà ìdíje Brooklands, Clive Dunfee tó ń wà á sì pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì gbé bọ́dì olórùlé wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n tún dá a padà sí ìrísí ọkọ̀ ìdíje.

Ẹjọ́ Ọdún 1990
Ní 1990, ẹni tó ni ọkọ̀ náà àti oníbàárà kan fẹnu kò sí mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn. Oníbàárà yí ohùn padà, ó ní kì í ṣe Old Number One gan-an ni wọ́n fẹ́ tà fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Adájọ́ Otton ní Ilé Ẹjọ́ Gíga.

Àbájáde ìwádìí ilé ẹjọ́ yani lẹ́nu. Nínú ọkọ̀ ti 1929, kò ṣẹ́ ku ohun kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, àfi àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí a kò lè mọ ọjọ́ orí wọn. Nínú ti 1930, mẹ́ta ló kù: ọ̀pá tí pẹ́dà so mọ́, ilé gíábọ́ọ̀sì àti ọ̀pá sìtíárì. Èyí tó pọ̀ jù ni ti 1932: irin gbọọrọ tó gbé ara ọkọ̀ ró, sípíríǹgì àti ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́jọ.

Síbẹ̀, olówó ọkọ̀ ló jàre. Adájọ́ gbà pé a kò lè pe ọkọ̀ náà ní ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ojúlówó ni. Ìdí ni pé ìtàn rẹ̀ kò já níbì kankan. Bí wọ́n ti ń fi ẹ̀yà tuntun sí i ni ẹ̀yà náà ń di ara rẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tó dẹ́kun láti jẹ́ ọkọ̀ yẹn. Èyí yàtọ̀ sí kí ènìyàn ṣa irin jọ láti ara ọkọ̀ oríṣiríṣi, kí ó wá fi orúkọ ńlá pè é.

Àgbálọgbábọ̀
Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí èèkù ọkọ́ bá ṣẹ́, tí àgbẹ̀ fi òmíràn sí i, ọkọ́ rẹ̀ náà ni. Bí irin bá tún jẹ tán lẹ́yìn náà, tó rọ òmíràn sí èèkù yẹn, ọkọ́ rẹ̀ náà ló ṣì ń pè é. Àwọn àgbà sì ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìtàn ọkọ̀ ni adájọ́ wò kí ó tó fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ alátùn-únṣe kò parí sí ara irin. Ó yẹ kí ó kọ ohun tó yọ, ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣe é sílẹ̀. Bí àkọsílẹ̀ bá sọnù, kò sí ohun tí a ó fi ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dà.