Nǹkan Ọkùnrin: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rí Dókítà?

Ará Oko Ọba mọ ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Orílé-Agége. Bí ọ̀ràn bá wúwo, LASUTH wà n'Ìkẹjà: ilé ìwòsàn kékeré ni lọ́dún 1955, ó di ti yunifásítì lọ́dún 2001.

Bí nǹkan ọkùnrin kò bá le mọ́. Ẹjọ́ tó pọ̀ jù nìyí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, ó lè jẹ́ àárẹ̀ lásán. Kó sùn dáadáa ná. Tó bá ti ń lọ sí oṣù 3, ẹ má di gbogbo rẹ̀ ru jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tín-ín-rín ju ti ọkàn lọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ dí. Tí ẹ bá tètè mọ̀, ẹ lè gba ọkàn yín là. Ní 17 oṣù Karùn-ún (ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru) àti 14 oṣù Kọkànlá (ọjọ́ àtọ̀gbẹ), ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń yẹni wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi bírò yí ọjọ́ méjèèjì po lórí kàlẹ́ńdà yín báyìí. Owó paraga ọ̀sẹ̀ kan lè tó owó àyẹ̀wò ṣúgà. Oúnjẹ àwọn baba wa, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rírìn, ń ran iṣan lọ́wọ́. Viagra ti wà láti 1998, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún àyà dídùn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já lulẹ̀, kó sì kú. Wọ́n ti bá oògùn Viagra nínú àwọn àgbo inú ìgò kan tí wọn ò kọ ọ́ sí lára.

Èyí tí kò gbọ́dọ̀ dọ̀la. Tó bá le ju wákàtí 4 lọ tí kò rọ̀, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ló sábà máa ń bá. Bí kóró ẹpọ̀n kan bá ṣàdédé ń dun ọmọ yín, wákàtí 6 lẹ ní kí kóró náà tó kú. Ojú lè máa ti ọmọ ọdún 13, kó ní inú ló ń dun òun. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè dáadáa.

Ìpá: iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Àtọ̀sí. Ọyún sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 2 sí 5 lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kápúsù pupa-òun-yẹ́lò kò ká a mọ́. Kí tọkọtaya jọ gbàtọ́jú.

Ọmọ. Lẹ́yìn ọdún 1 láìlóyún (oṣù 6, bí ìyàwó bá ti lé ní 35), kí ọkọ náà lọ ṣàyẹ̀wò àtọ̀. Ẹ yẹra fún ìyàwó fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Tí ẹ bá gbà á nílé, kó dé láàbù kí wákàtí 1 tó pé. Ẹni tó ń dúró ti iná búrẹ́dì Agége tàbí ẹ̀rọ gbígbóná, kó sọ fún dókítà: ooru ń dín àtọ̀ kù.

Ìtọ̀ tó ń kán tótó, tàbí tó ń jíni lóru léraléra: láti ọdún 40 sí 45, ẹ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, pàápàá bí jẹjẹrẹ pírósítéètì bá ti ṣe bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín rí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yẹn.