Ewé Àsìkò Ilẹ̀ Àríwá àti ti Ìlà-Oòrùn: Bí A Ti Í Mọ̀ Wọ́n àti Bí A Ti Í Sè Wọ́n

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin oníṣòwò irè oko, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa yìí. Kì í ṣe tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí olúkúlùkù ti mọ̀ láti kékeré, bí kò ṣe àwọn ewé tí ẹ máa ń bá pàdé nígbà tí iṣẹ́ bá gbé yín dé Kánò, Katsina tàbí Gúsáù nítorí ẹ̀pà àti òwú, tàbí tí ó bá gbé yín dé Ikom nítorí kòkó.

Àṣà púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa ni pé, nígbà tí wọ́n bá wọ ọjà ní irú ibẹ̀, wọn a kọjá lára òkítì ewé tútù tí a já ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọn a sì máa wá ẹ̀fọ́ tí wọ́n mọ̀ kiri, èyí tí ó ti rọ kí ó tó dé ọjà nítorí ọ̀nà jíjìn. Owó gọbọi ni wọ́n ń san lé e lórí, ọbẹ̀ náà kì í sì í dùn. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin tí ó gbin ewé tútù a di ẹrù rẹ̀ padà sílé láìtà á tán. Ẹ̀pà lè dúró nínú àpò títí owó rẹ̀ yóò fi gòkè. Kòkó gbígbẹ náà lè dúró. Ṣùgbọ́n ewé tí kò bá tà lónìí, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́ lọ́la. Iye àwọn tí ó mọ bí a ti í sè é ni ó ń sọ iye tí a óò tà á.

Ẹ rántí ugú. Ewé àwọn Ìgbò àti àwọn aládùúgbò wọn ni, ìgbà kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Ìbàdàn kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe. Lónìí a ń tà á káàkiri àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbẹ̀ wa sì ń bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìgbà náà ni ó máa ń wọ́n.

Bí ẹ bá dé ìdí àtẹ ìyá tí ń ta ewé tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe bèèrè orúkọ rẹ̀ nìkan, nítorí orúkọ a máa yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹ bèèrè oṣù tí ó máa ń pọ̀. Ẹ bèèrè bóyá ewé ni a ń jẹ nínú rẹ̀, tàbí òdòdó, tàbí èso. Lẹ́yìn náà kí ẹ bèèrè ìwà rẹ̀ nínú ìkòkò: ṣé ó kan ni, ṣé ó korò, ṣé ó ń fà, àbí ó le? Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí yóò ti sè é. Ìyàwó ilé tí ó ti ja ewédú, tí ó ti fọ ewúro, tí ó sì ti bọ ìṣápá kò ní ohun púpọ̀ láti bẹ̀rù.

Yákúwà ni kí a fi ṣáájú, nítorí ìbátan wa ni, a kàn kì í dá a mọ̀ ni. Òun gan-an ni ìṣápá. Àwa máa ń dúró de àwọ̀ kíki tí ó yí èso rẹ̀ ká, a ó bọ̀ ọ́, a ó sì fi ẹ̀gúsí sè é. Àwọn Haúsá kì í dúró tó bẹ́ẹ̀. Òjò Kánò kì í tètè dé bí ti ìhà gúúsù. Ó máa ń di oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fìdí múlẹ̀, ewé yákúwà tútù bẹ̀rẹ̀ sí wọ ọjà, a ó sì máa rí i títí di oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí ojúmọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú ni igi náà yóò tanná, tí èso rẹ̀ yóò sì jáde títí di ìparí ọdún. Èyí tí ó pupa ni a ń fi ṣe sobo. Hóró rẹ̀ pàápàá kì í ṣòfò, nítorí àwọn obìnrin Haúsá ń sè é, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń di irú tí a fi ń se ọbẹ̀.

Ewé yákúwà kan gidigidi. Ẹ ṣan án dáadáa kí iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì fún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí kíkan rẹ̀ dínkù sí i, ẹ tún un bọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ dà á sínú ọbẹ̀ tí ẹ ti fi ẹ̀pà lílọ̀ sí. Àwọn ará Àríwá a máa fi elégédé kún un pẹ̀lú, wọn a pè é ní míyàn táúṣè. Òróró inú ẹ̀pà ni ń pa kíkan náà rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gúsí ti ń ṣe é fún wa nílé. Nítorí náà ẹni tí kò bá rí ẹ̀pà lè fi ẹ̀gúsí sè é láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ọbẹ̀ náà má ṣe sùn nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí ohun kíkan a máa jẹ ìkòkò.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dárúkọ ìṣápá, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ń ra èyí tí ó gbẹ. Ní ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè Mexico, tí ó jẹ́ oníbàárà ńlá, dá gbígba ìṣápá pupa wa dúró nítorí kòkòrò tí a bá nínú ẹrù. Èyí tí a bá sá sí etí títì, tàbí tí a dì sínú àpò tí ẹ̀pà kòkòrò ti gbé rí, ẹ má ṣe rà á, ìbáà ṣe fún òkè òkun tàbí fún ìkòkò ara yín. Àpò tí a ti fi gbé oògùn apakòkòrò rí kò tún yẹ fún ohun jíjẹ mọ́ láéláé.

Kúkà ni èkejì. Ará Ìlọrin kò nílò kí a kọ́ ọ, nítorí òun ni ó ń pè ní lúrú. Ewé igi osè ni. Nígbà òjò ni ewé náà ń rú, ṣùgbọ́n igi náà a máa wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń já a nígbà tí ó pọ̀, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń gún un kúnná, kí ó lè wà ní gbogbo ọdún. Èyí tí a sá sí abẹ́ òjìji dára ju èyí tí oòrùn pa lọ, nítorí oòrùn a máa ba ohun tí ń ṣe ojú lóore nínú ewé jẹ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: kí ó tutù yọ̀yọ̀, kí ó má ṣe rí bí ìyẹ̀pẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹnu. Bí eyín yín bá gbọ́ iyanrìn, ẹ kọjá síwájú.

Bí a ti í sè é kò le. Ẹ se ẹran pẹ̀lú ata, àlùbọ́sà, irú àti iyọ̀. Nígbà tí ó bá jinná, ẹ dín iná kù, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan wọ́n kúkà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa fi ìjábẹ̀ lù ú pẹ̀lú ọwọ́ kejì kí ó má baà dì. Ṣíbí ìjẹun 3 tàbí 4 tó fún omi ọbẹ̀ líta kan. Ó máa ń fà bí ewédú, ó sì máa ń ki sí i bí ó bá ti ń tutù. Nítorí náà kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó ki tán. Tùwó ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n àmàlà kò kọ̀ ọ́.

Zogale, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mòríńgà, wúlò fún ẹni tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ká mọ́ Àríwá, nítorí ó máa ń tutù nígbà tí ewé mìíràn bá ti gbẹ. Ẹ já ewé kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún un, kí ẹ sì pò ó mọ́ kúlíkúlí gígún, ata, àlùbọ́sà àti òróró ẹ̀pà. Àwọn kan ń polówó rẹ̀ pé kò sí àrùn tí kò lè wò. Oúnjẹ ni a mọ̀ ọ́n sí ní tiwa, oúnjẹ tí ó dára ni pẹ̀lú.

Ó ku tafasa, ewé inú igbó tí ń hù ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tí a ń sè bíi zogale. Níhìn-ín ni kí ẹ ṣọ́ra. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni rere, ewéko etí ọ̀nà tí hóró rẹ̀ lóró, pàápàá fún ọmọdé. Ọ̀pá ewé tafasa kan a máa ní ewé wẹ́wẹ́ 4 tàbí 6, orí wọn a sì rí kùmbọ̀; ti rere ju bẹ́ẹ̀ lọ, orí wọn a sì ṣe ṣóńṣó. Ẹni tí kò bá dá wọn mọ̀ yàtọ̀, kí ó ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà, kí ó má ṣe já a fúnra rẹ̀.

Kí a wá kọjá sí ìhà gúúsù, sí Ikom àti Calabar, níbi tí òjò ti pọ̀ tí igbó sì ṣú. Ewé tí ó máa ń dẹ́rù ba àlejò níbẹ̀ ni èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní ukazi, tí àwọn Ẹ̀fìk àti Ìbíbíò ń pè ní afang. Ó ń dán, ó sì le bí awọ. Ẹni tí ó bá gé e gàdàgbà bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yóò jẹ ẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi dùn ún. Kíká ni a ń ká ewé bíi mẹ́wàá pọ̀ bí ẹní, kí a sì rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí òwú. Lẹ́yìn náà kí a gún un nínú odó tàbí kí a lọ̀ ọ́.

Gbúre ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìkòkò. Kí gbúre tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ se ẹran àti ẹja gbígbẹ títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ da gbúre gígé sí i, kí ẹ má sì ṣe fi omi kún un, nítorí gbúre fúnra rẹ̀ omi ni. Ẹ fi epo, edé, ata àti ìṣáwùrú sí i. Afang ni yóò wọlé kẹ́yìn, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ti tó fún un. Omi gbúre ni ń rọ líle afang. Nítorí náà ẹni tí ó bá se ọ̀kan láìsí èkejì kò tíì mọ adùn ọbẹ̀ yìí.

Uha pẹ̀lú wà, ewé igi tí àwọn Ìgbò ń fi kókò gígún sè. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ya á. Wọ́n ní ọ̀bẹ a máa sọ ọ́ di dúdú.

Ní ti afang, inú igbó ni a ti ń já púpọ̀ nínú rẹ̀, igbó sì ń tán lọ. Ọkọ̀ ojú omi ń kó o wá fún wa láti Idenau ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Àgbẹ̀ tí ó ní ibi òjìji tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù lè gbìn ín: kí ó gé okùn rẹ̀ tí ó ní ojúkò àti ewé, kí ó gbìn ín sínú ilẹ̀ rírọ̀, kí ó máa wọ́n omi sí i títí yóò fi ta gbòǹgbò, kí ó sì fi ọ̀pá fún un láti gùn. Gígé ni a ń gé e, a kì í fà á tu, nítorí ìdí tí a bá fi sílẹ̀ yóò tún rú. Kí ẹni tí ń rà á ní ìdì-ìdì máa tú ìdì náà wò, bí ó bá sì bá gbòǹgbò lára okùn rẹ̀, kí ó kọ̀ ọ́.