Efínrín gbígbìn nínú ilé: àǹfààní rẹ̀ àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àwọn kókó pàtàkì

• Efínrín (Ocimum gratissimum) jẹ́ ewé ọbẹ̀ àti ewé àgbo tí a ń lò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó rọrùn láti gbìn sínú ìkòkò tàbí sí ẹ̀yìnkùlé.

• Ìwádìí fi hàn pé òróró inú ewé náà lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí kan nínú yàrá àyẹ̀wò. Èyí kò túmọ̀ sí pé àgbo efínrín ń wo àìsàn sàn lára ènìyàn.

• Ìgbẹ́ gbuuru wà ní ipò kẹta nínú àwọn ohun tí ó ń pa ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 1 sí oṣù 59 jù lọ lágbàáyé. Omi ORS àti síǹkì ni ìtọ́jú rẹ̀. Efínrín kò lè rọ́pò wọn.

• Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ mu àgbo kankan.

Kí ni efínrín?

Efínrín jẹ́ igi kékeré tí ewé rẹ̀ ní òórùn dídùn. Daidoya ni àwọn Haúsá ń pè é, nchanwu sì ni àwọn Ígbò ń pè é. Ìbátan rẹ̀ ni tulsi, ewé tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà máa ń gbìn sí àgbàlá ilé wọn. Bí a bá tọ́jú efínrín dáadáa, ó lè wà fún ọdún mélòó kan, kí ó sì ga ju mítà 1 lọ.

Àwọn ènìyàn ń fi ewé rẹ̀ se ọbẹ̀. Wọ́n sì tún ń gbo ó tàbí kí wọ́n sè é mu nígbà tí inú bá ń run wọ́n, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ tàbí ibà bá ń ṣe wọ́n.

Báwo ni a ṣe ń gbìn ín?

Ẹ lè lo irúgbìn tàbí ẹ̀ka. Ẹ̀ka ni ó máa ń yá jù.

1. Ẹ wá ìkòkò tàbí garawa tí ó mọ́, kí ẹ sì lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde. Ẹ má ṣe lo ike tí a ti fi tọ́jú ọ̀dà, epo ọkọ̀ tàbí oògùn apakòkòrò rí.

2. Ẹ po ilẹ̀ dúdú mọ́ ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáadáa. Ìgbẹ́ ẹran tútù lè gbé kòkòrò àìsàn dé orí ewé.

3. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, tí kò sì ní òdòdó. Ẹ já àwọn ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibòji títí yóò fi ta gbòǹgbò. Bí ó bá jẹ́ irúgbìn ni, ẹ wọ́n ọn sí orí ilẹ̀ kí ẹ sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, nítorí pé ó kéré púpọ̀.

4. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń ta sí i fún nǹkan bí wákàtí 6 lójúmọ́. Ẹ bomi rin ín nígbà tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ. Bí àwo bá wà lábẹ́ ìkòkò, ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, nítorí pé ẹ̀fọn máa ń yé ẹyin sínú omi tí ó dúró.

5. Ẹ máa ré orí ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹ sì máa gé òdòdó rẹ̀ kúrò, kí ó lè pẹ̀ka kí ó sì ní ewé púpọ̀.

Ẹ má ṣe gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ààtàn tàbí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ sí. Kí ẹ tó já ewé, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ fi omi tí ó mọ́ ṣan ewé náà kí ẹ tó lò ó. Inú ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ ti sá èyí tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́, kí ẹ sì dé e sínú ìgò gbígbẹ.

Kí ni ìwádìí sọ?

Thymol tàbí eugenol ni ó máa ń pọ̀ jù nínú òróró efínrín, gẹ́gẹ́ bí irú tí ó bá jẹ́. Àwọn èròjà wọ̀nyí lè pa kòkòrò àìfojúrí nínú yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n èròjà tí ó wà nínú ife àgbo kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ nínú àwo àyẹ̀wò lè má ṣẹlẹ̀ nínú ara.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ

Omi àti iyọ̀ tí ó ń jáde kúrò lára ni ó máa ń pa ọmọ. Kódà bí ewé kan bá pa kòkòrò, kò dá omi àti iyọ̀ náà padà. Nítorí náà, kí ẹ tó ronú kan àgbo:

• Ẹ fún ọmọ ní omi ORS ní kíákíá. Bí ẹ kò bá rí ORS, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ 1, ìyẹn omi inú ọ̀rá píọ́ wọ́tà oní-sẹ́ńtílítà 50 méjì. Kí ṣíbí náà kún dé ẹnu nìkan, kí ó má ṣe ga bí òkìtì. Bí omi náà bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ sì po òmíràn. Ẹ má ṣe lo èyí tí ó bá ti ju wákàtí 24 lọ.

• Ẹ gba síǹkì ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì lò ó fún ọmọ ní ọjọ́ 10 sí 14 bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ṣe sọ, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá.

• Ẹ máa fún un ní ọmú àti oúnjẹ lọ.

Ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó mu, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí bí kò bá ta jí dáadáa.

Ibà àti ẹ̀fọn

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí a ṣe àyẹ̀wò ibà kí a tó lo oògùn rẹ̀. Àgbo efínrín kò gbọdọ̀ fa àyẹ̀wò náà sẹ́yìn. Bákan náà, efínrín tí a gbìn sí ẹnu ọ̀nà kò lè ṣe iṣẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn.

Ta ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra?

• Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6: ọmú ìyá nìkan ni kí ó máa mu, láìsí omi àti àgbo.

• Aláboyún: ìwọ̀nba tí a fi ń se ọbẹ̀ ni kí ó mọ sí. Kí ó má ṣe mu àgbo tí ó ki.

• Ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru: kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera pé òun ń mu efínrín, kí ó má sì ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró.

• Gbogbo ènìyàn: ẹ má ṣe mu ògidì òróró efínrín. Bí ẹ bá ra àgbo inú ìgò ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀.

Ìṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé ìwòsàn

Láti ọdún 2003 ni a ti ń ṣe Ọjọ́ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ. Ìmọ̀ àwọn baba ńlá wa nípa ewé yẹ fún ọ̀wọ̀ àti fún àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ti lo efínrín kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe tijú láti sọ ọ́: ìwọ̀n tí ẹ lò àti ìgbà tí ẹ lò ó wúlò fún ẹni tí yóò tọ́jú yín.