SÍLÍPÁÀSÌ MỌ́MÌ TI DI TÁYÀ! Bí àwọn ọmọ Gowon Estate ṣe ń fi agolo ṣe dáńfó

Bí ìyá kan ní Gowon Estate bá jí láàárọ̀ Sátidé, tó fẹsẹ̀ wá sílípáàsì rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó wá rí i pé wọ́n ti gé ihò róbótó mẹ́rin sára ẹsẹ̀ kan, kò ní pe ọlọ́pàá. Ó mọ̀ pé olè náà kò jìnnà. Igbe kan ṣoṣo ni yóò ké, "Ta ló gé sílípáàsì mi o?" Gbogbo ọmọ inú fúláàtì yóò pa lọ́lọ́, bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Ẹni tó gé e gan-an ti sọ̀kalẹ̀ láti ìdájí, ó wà lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù níbi tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ń to mọ́tò.

Mọ́tò agolo ni o, kì í ṣe èyí tó ń mu epo. Ẹni tó bá ṣe kékeré ní Gowon Estate láàárín 1980 sí 1999, tàbí ní Ẹ̀gbẹ́dá, Akówónjọ, Ìkòtún àti Ìgándò, mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí kò bá ṣe é, á ti fi okùn fà á. Bí kò bá fi okùn fà á, wọ́n á ti nà án nítorí ẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ẹ́sítéètì yìí, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó jẹ́ olórí ìjọba ológun láti 1966 sí 1975, ni wọ́n sì fi ń pè é. Fúláàtì lórí fúláàtì ni, àtẹ̀gùn kan náà ni Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó àti Èfíìkì ń gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ mọ́tò agolo ti dùn gan-an nìyí, nítorí kò sí ilé kan ṣoṣo tó ní gbogbo nǹkan tí mọ́tò náà ń fẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń mu tíì lójoojúmọ́ ló ní agolo mílíìkì. Ilé tí agbòòrùn bàbá wọn ti dá ló ní irin tín-ín-rín tí yóò di táyà méjèèjì mú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta kóòkì àti bíà ló ní ìdérí ìgò. Ẹni tí bọ̀dá rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìyànà Ìpájà nìkan ló lè rí òòlù àti ìṣó yá. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá mọ́tò tòun ṣe, ìdajì mọ́tò ni yóò máa gbé kiri. Ọmọ tó bá sì bá ọlọ́mọ-ìdérí jà lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kó yáa lọ bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Agolo mílíìkì tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ ni tánkà epo. Agolo sàdíìnì ni lọ́rì agbéyanrìn, nítorí òkè rẹ̀ ti ṣí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ dáńfó nìṣòro. Agolo ńlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ là, bíi ti Bournvita tàbí ti òróró, kí wọ́n fi òkúta lù ú títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n tó wá máa ká a. Etí agolo tí wọ́n là mú ju bíléèdì lọ. Bí ó bá ti ya ẹnì kan lọ́wọ́, ẹnì kejì á sáré lọ já ewé Akíntọ́lá nínú igbó ẹ̀yìn fẹ́ǹsì, á fi ọwọ́ ra á, á fún omi rẹ̀ sójú egbò náà. Yóò ta á débi pé á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò, ẹ̀jẹ̀ á dá, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. (Agolo tó bá ti dípẹtà, kì í ṣe ewé ló kàn níbẹ̀ o, abẹ́rẹ́ tẹ́táánọ́ọ̀sì ni. Àmọ́ ta ni yóò lọ sọ fún Mọ́mì pé òun nílò abẹ́rẹ́, kí wọ́n má baà bi í léèrè sílípáàsì?)

Ibi tí ọgbọ́n wà jù lọ ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Táyà lọ̀gá. Ìdérí ìgò ni wọ́n máa ń gbé lé sílípáàsì, wọ́n á fi bíléèdì yí i po, èyí tí wọ́n gé á di táyà, ìdérí náà á di ríìmù. Ìdérí kan kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ láti etí kan sí ìkejì, bí táyà ṣe tóbi tó nìyẹn, gbogbo ara mọ́tò sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Dáńfó Volkswagen gidi gùn tó bíi mítà mẹ́rin àbọ̀, táyà rẹ̀ sì ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé táyà méje tí wọ́n bá tò tẹ̀lé ara wọn ni gígùn dáńfó. Nítorí náà, ẹni tó bá to ìdérí ìgò méje sílẹ̀ ti rí i bí ó ṣe yẹ kí dáńfó rẹ̀ gùn tó, sẹ̀ǹtímítà 21. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ á dà bíi katakata tó wọ aṣọ dáńfó, àwọn ọmọ búlọ́ọ̀kù kejì á sì fi ṣe ẹlẹ́yà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, àmọ́ tiwọn ti gẹ́ wá láti ilé iṣẹ́. Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé katakata Ferguson kékeré jáde ní 1949, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ta mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú onírọ́bà tí ẹni tó rà á yóò fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 1:24 sára páálí rẹ̀, mọ́tò kékeré mẹ́rìnlélógún tí wọ́n tò tẹ̀léra ni yóò gùn tó ojúlówó kan. Ẹ wo dáńfó onísílípáàsì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21 yẹn, 1:22 ló bọ́ sí, láìsí pé ẹnikẹ́ni ka ìwé kankan. Matchbox tí gbogbo ayé mọ̀ pàápàá, láti ọwọ́ bàbá kan ló ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé ọmọ Jack Odell kò gbà kí ọmọ mú ohun ìṣeré tó ju inú páálí ìṣáná lọ wá, ni Odell bá ṣe mọ́tò kékeré kan tó wọ inú páálí ìṣáná fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di òwò ńlá ní 1953. Bàbá yẹn ṣe mọ́tò fún ọmọ rẹ̀ o, kò nà án.

Bí ara bá ti dúró, ó ku ẹsẹ̀. Ihò tí irin agbòòrùn yóò gbà kọjá gbọ́dọ̀ dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín ga ju ìkejì lọ, mọ́tò á máa fà sínú gọ́tà bíi dáńfó tí dírẹ́bà rẹ̀ ti mu paraga. Ìṣó ni wọ́n fi ń lu ihò náà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n ni wọ́n sì ń yàn sí i. Ọmọ mìíràn kò ní iṣẹ́ méjì nínú ẹgbẹ́ náà ju ihò lílù lọ, síbẹ̀ wọn kì í fi í ṣeré.

Àwọn tó bá fẹ́ kí tiwọn dá rìn, wọ́n á tú kásẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́, wọ́n á yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí téèpù nínú rẹ̀, wọ́n á fi rọ́bà so ó mọ́ irin ẹ̀yìn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan kò lè gbé e, wọ́n á to méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, orí èkíní sí ìdí èkejì, kí agbára wọn lè pọ̀. Bátìrì tó bá ti kú, wọ́n á sá a sóòrùn. Bí dáńfó náà bá wá gbéra fúnra rẹ̀, bí kò tilẹ̀ rìn ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ kí rọ́bà tó já, ariwo tó máa ń sọ á mú kí àwọn àgbàlagbà yọjú lójú fèrèsé.

Ìjà wo ló wá ń dé? Kì í ṣe nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, ìgbà tí wọ́n bá parí ẹ̀ ni. Wọ́n ti fi ọ̀dà yẹ́lò tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọlọ́dà kùn ún, wọ́n ti fa ìlà dúdú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ti kọ "No Condition Is Permanent" sẹ́yìn rẹ̀. Nílé ta ni yóò sùn lálẹ́? Ọlọ́kọ-agolo á ní agolo ló ṣáájú. Ọlọ́mọ-ìdérí á ní bí òun bá yọ táyà òun, kí wọ́n wò ó bóyá agolo yóò rìn. Ẹni tí wọ́n nà nítorí sílípáàsì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, yóò kàn fi ojú àpá náà hàn wọ́n. Òun ni wọ́n sábà máa ń gbé e fún.

Ìgbà kan tún wà tí ìjà kò yanjú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, ọdún 1991, ìjọba àpapọ̀ kó ibùjókòó rẹ̀ kúrò l'Ékòó lọ sí Àbújá. Nílé òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n lè sọ fún bàbá pé àkókò tó, ẹrù á dórí lọ́rì, ọmọ á sì wà lórí ẹrù. Àwọn tó kù á wá dúró lábẹ́ àtẹ̀gùn, mọ́tò agolo á wà láàárín wọn. Kò ṣe é pín. Ẹni tó ń lọ kò lè rí olùlu-ihò mìíràn ní Àbújá kíákíá, àwọn tó kù kò sì ní irin agbòòrùn mìíràn. Fóònù alágbèéká kò tíì délé mẹ̀kúnnù nígbà yẹn, ẹni tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn.

Nǹkan ti yí padà. Mílíìkì ti wọnú ọ̀rá pélébé, agolo rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, ọ̀rá kò sì ṣe é fi ṣe tánkà. Mólúè tí wọ́n ń kọ́ sórí ẹsẹ̀ Mercedes 911 kò gba ọ̀nà Òṣòdì kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀, ọmọ tí kò rí i rí kò lè ṣe é. Rọ́bà láti ilẹ̀ Ṣáínà kún ọjà, mọ́tò tó ń kọrin tó ń tanná, tó sì ń bàjẹ́ kí Kérésìmesì tó kọjá. Àmọ́ ọmọ tó bá rí páálí bàtà tàbí páálí indomie kò ní ṣàì ronú kan mọ́tò. Kẹ̀kẹ́ Maruwa, tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láti 1996 sí 1999 pè, ló sì rọrùn jù láti fi páálí ṣe. Táyà mẹ́ta péré ló ń lò. Sílípáàsì ẹsẹ̀ kan á pèsè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó kù á di sípíà.