Ojú-Ìwé Aláwòrán Inú Ìwé Ewì Ọmọdé: Ìdíyelé àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìṣúra ilẹ̀ Ìgbómìnà, ère igi, ẹ̀kú eégún àti adé ọba ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí ìwé ewì aláwòrán tí àwọn òbí wa fi kọ́ ìwé kíkà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá jẹ àǹfààní rẹ̀. Báyìí ni ìwé bíi *Aláwìíyé* tí J. F. Ọdúnjọ kọ, tí ewì àti àwòrán jọ wà nínú rẹ̀, ṣe wọ ilé dé ilé. Nítorí pé ó pọ̀, a kò kà á sí nǹkan. Ẹ̀gbọ́n lò ó, ó fi í fún àbúrò. Nígbà tí ó gbó tán, ó di ohun tí alákàrà fi ń di àkàrà fún oníbàárà. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jáde àtijọ́ fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ díye lé irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀, ọjọ́-orí rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wádìí. Bí ojú-ìwé tí a tẹ ọdún sí bá ti ya dànù, kí ó wo àkọtọ́. Ìwé tí ó bá kọ "nwọn", "aiye" àti "ẹiyẹ" ń lo àkọtọ́ tí ó ṣáájú èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Kí ó tún wo iye owó ẹ̀yìn ìwé: bí ó bá jẹ́ ṣílè, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó, nítorí ìwé tí a tún tẹ̀ lè gbé àkọtọ́ àtijọ́ dání.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wò ó bóyá àwọ̀ kò ṣí, bóyá ewì àti àwòrán ṣì wà pọ̀, bóyá ìwé náà pé. Àwòrán tí a gé kúrò lára ewì rẹ̀ dà bí orin tí kò ní elégbè. Orúkọ ọmọ tàbí òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lára ìwé kì í ṣe àbàwọ́n. Òun ni ó ń sọ ibi tí a ti kà á. Ọjà lè má san owó púpọ̀ fún un, ṣùgbọ́n iyì yàtọ̀ sí owó.

Ní ti ìtọ́jú, ikán, aáyán, ọ̀rinrin àti oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Kí a má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí a má sì fi í ti ògiri. Orí pẹpẹ ni kí a tẹ́ ẹ sí. Kí a má fi ìwé ìròyìn wé e, nítorí oró inú ìwé ìròyìn máa ń ràn, á sì sọ ọ́ di pípọ́n. Téèpù alẹ̀mọ́ ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí kì í lọ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rá gbígbóná bò ó, kò ní lè ṣí i mọ́. Bí òjò bá pa á, abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ wà ni kí a ti gbẹ ẹ, kì í ṣe inú oòrùn. Pẹ́ńsù ni kí a fi kọ ohunkóhun tí a bá fẹ́ kọ sí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí wọn. Ẹ má ṣe gé e, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ orúkọ ìlú àti ti ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Bí onílé bá yọ̀ǹda rẹ̀, ilé-ìkàwé yunifásítì ni kí ẹ gbé e lọ.