Ṣé o mọ̀? Bẹ́árìn inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àfiṣeré

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àfiṣeré, tí àtẹ́lẹwọ́ kan gbà, lè yí nígbà 30,000 láàárín ìṣẹ́jú kan? Ìgbà 500 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ṣé o mọ̀ pé bẹ́árìn méjì péré ló sábà ń ru ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ̀? Kékeré wà níwájú, ńlá wà lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn ló ń jẹ ìyà jù.

Ṣé o mọ̀ pé "ABEC 7" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí kò sọ bí bẹ́árìn ṣe lè sáré tó? Bí ìwọ̀n ẹ̀ ṣe ṣe rẹ́gí tó ló ń sọ. Kò dárúkọ irin tí wọ́n fi ṣe é, kò sì sọ irú àgò tó wà nínú ẹ̀.

Àgò wo? Èyí tó ń ya àwọn bọ́ọ̀lù inú bẹ́árìn nípá, kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àgò páànù ló wọ́pọ̀ nínú bẹ́árìn olówó pọ́ọ́kú. Eré àsápajúdé lè fà á ya, àfọ́kù ẹ̀ a sì ba písítìn jẹ́. Àgò fenólíìkì ni kó o wá: aṣọ ni wọ́n rẹ sínú oje fenólíìkì títí tó fi le bí igi. Gbé e sínú oòrùn, wàá rí bí òwú ẹ̀ ṣe hun mọ́ra.

Ṣé o mọ ìtumọ̀ C3 tí wọ́n ń kọ sára bẹ́árìn? Àyè inú bẹ́árìn náà fẹ̀ díẹ̀ ju ti bẹ́árìn lásán lọ. Ooru ń mú òrùka inú wú. Bí kò bá sí àyè, bọ́ọ̀lù á há.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì kò wúwo tó ìdajì ti irin? Kì í dípẹtà pẹ̀lú. Àmọ́ òrùka irin tó ń yí lórí ẹ̀ lè dípẹtà, owó gọbọi tó o san kò kàn án.

Ìpẹtà yìí ni ọ̀tá, lójú tèmi, ju eré lọ. Mẹtanọ́ọ̀lù inú epo ẹ́ńjìnnì náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, bó ti wù kí òróró làrà tí wọ́n lú mọ́ ọn pọ̀ tó. Bí eré bá parí, jó epo tó ṣẹ́ kù tán, kó o kán òróró sínú ẹ́ńjìnnì.

Ṣé o mọ̀ pé òòlù kò níṣẹ́ kankan níbi fífi bẹ́árìn bọ inú ẹ́ńjìnnì? Alumíníọ̀mù ń wú nínú ooru ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Gbé ara ẹ́ńjìnnì sínú ófùn kó gbóná; bẹ́árìn tútù á já bọ́ sáyè ẹ̀ fúnra ẹ̀, kò! Tó bá ti tutù, fi ìka yí i. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, yọ ọ́.