Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni ìtàn ogun Troy ń wá nínú oko ní Rutland?

Ẹ̀yin ará wa ní Oldham, àwọn ará Róòmù ti gbé àdúgbò yín rí o. Ojú odi àwọn ọmọ ogun wọn, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 79, ṣì wà ní Castleshaw. Ṣùgbọ́n àwòrán tí gbogbo èèyàn ń pín kiri, Rutland ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2020, nínú ilé olówó kan láyé àwọn ará Róòmù: òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tí wọ́n tò sílẹ̀ yàrá, mítà 11 ní gígùn, tó ń sọ ìtàn ìjà Achilles àti Hector nínú ogun Troy.

Àwọn kan ní àṣehàn olówó lásán ni. Mi ò gbà. Ẹ wo ìran ìkẹyìn: wọ́n gbé òkú Hector sórí òṣùwọ̀n, Ọba Priam bàbá rẹ̀ sì ń fi wúrà rà á padà. Nínú ìwé tí Homer, akéwì Gíríìkì, kọ nípa ogun náà, wọn ò wọn òkú kankan. Eré Aeschylus kan tó ti sọnù ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ní oníṣẹ́ ọnà kàn wo àwòrán àtijọ́ ṣe é ni. Bó ṣe rí nìyẹn: àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leicester rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lára ìkòkò àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́. Àmọ́ àwòrán kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Gíríìsì dé Rutland. Èèyàn ló ń gbé e kiri, èèyàn ló sì ń sanwó rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò dá wà láyé àwọn ará Róòmù.

Ẹ bá wa pín in, kẹ́ ẹ sì sọ èrò yín.